Ẹ Yé Gbé Sílíńdà Mi Lọ Sọ́dọ̀ Fọganáísà

Ẹnìkẹta rèé lọ́dún yìí tó máa bi mí pé "Ọ̀gá, ṣé fọganáísà tó wà ní kọ́nà yẹn ò lè bá wa fẹ́ atẹ́gùn sínú sílíńdà yìí ni, torí láti Adó dé Èkó jìn." Ẹ̀rọ fọganáísà, tó bá gbìyànjú gan-an, bar 10 ló máa fẹ́ dé (bar la fi ń wọn agbára atẹ́gùn tí wọ́n kì), sílíńdà atẹ́gùn tí mo fi ń mí lábẹ́ omi ń gba bar 200, ẹ ṣèṣirò ẹ̀ fúnra yín. Àmọ́ ìyẹn gan-an kọ́ ló ń bí mi nínú, nǹkan tó lè wà nínú atẹ́gùn yẹn ni, bí ọ́ìlì àti èéfín.

Ẹ sì yé pe ohun tó wà nínú sílíńdà mi ní ọ́síjìn jàre. Atẹ́gùn tí gbogbo wa ń mí náà ni, wọ́n kàn sẹ́ ẹ mọ́, wọ́n yọ omi inú ẹ̀, wọ́n wá kì í mọ́lẹ̀. Ọ́síjìn gidi, tẹ́ ẹ bá fi kọjá mítà 6 lábẹ́ omi, gìrì lè gbé yín níbẹ̀.

Àyẹ̀wò tèmi kí n tó wọ dáàmù ò pọ̀. Mo máa yẹ ọ-ríǹgì wò, ìyẹn rọ́bà róbótó tí kì í jẹ́ kí atẹ́gùn jò lẹ́nu fáàfù. Mo máa ṣí fáàfù tán, mo máa fi régúlétọ̀ tí mo fi ń mí sẹ́nu, mí sínú mí síta bí ẹ̀ẹ̀márùn-ún, ojú mi á wà lára géèjì tó ń sọ bí atẹ́gùn ṣe kù sí, tí abẹ́rẹ́ ẹ̀ bá ń jó bí mo ṣe ń fà á sínú, fáàfù ò tíì ṣí tán nìyẹn. Kódà kí n tó de régúlétọ̀ mọ́ ọn, mo ti ta áńkáṣíìfù funfun bo ẹnu fáàfù, mo jẹ́ kó fẹ́ sí i díẹ̀. Tó bá ní àbàwọ́n tàbí tó ń rùn bí ọ́ìlì, inú mọ́tò ló ń padà sí.

Carbon monoxide, gáàsì olóró inú èéfín, wá ńkọ́? Áńkáṣíìfù ò lè mú un, kò láwọ̀, kò lóòórùn, èéfín jẹnẹrétọ̀ ló máa ń bá wọlé, tàbí kí ọ́ìlì jóná nínú kọ̀ńpírẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń kì atẹ́gùn, tó bá ti gbóná jù. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po 200 àti jù bẹ́ẹ̀, èyí tó kéré tó jẹ́ pé orí fífọ́ lásán ló máa fà lókè, tẹ́ ẹ bá dé mítà 10 agbára ẹ̀ ti di méjì. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó máa ń wọ̀n ọ́n, ẹ rà á.

Ọmọ kan tí mo kọ́ níṣẹ́, sílíńdà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kì fún un létí omi ló gbé wọ dáàmù lọ yẹ géètì wò, mo fa okùn tá a so mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mejì kò dá mi lóhùn, la bá wọ́ ọ jáde, ó ń bì, kò mọ èmi ọ̀gá ẹ̀ mọ́. Àwọn èèyàn ní ìyá odò ló bínú pé a ò ṣètùtù, bàbá kan ti gbé àkùkọ dé, ìyá kan ń wá epo pupa tó máa rọ sí i lẹ́nu, mo pariwo lé wọn lórí, ẹni tó ń bì tí ò mọ ara ẹ̀ lẹ fẹ́ rọ epo sí lọ́fun! Ọ́síjìn ló gbà á là, látinú mọ́tò wa títí dé ọsibítù. Ìgbà tí mo padà débẹ̀ ni mo rí i, sàláńsà jẹnẹrétọ̀ dojú kọ ẹnu páìpù tí kọ̀ńpírẹ́sọ̀ fi ń fa atẹ́gùn gbọnrangandan.

Ọmọ yẹn ti níyàwó báyìí. Òun náà ló ń bá mi gbé jẹnẹrétọ̀, ó máa ń gbé e jìnnà débi pé wáyà ò ní dé, èmi ò sì lè bá a wí.