Kíláàsì tó pa lọ́lọ́, ṣé ó yé wọn?

Níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́ kan ní apá Yàgbà, ní ìpínlẹ̀ Kogi, bàbá kan dìde, ó tún fìlà rẹ̀ dé. Ó ní, "Ẹ̀yin tíṣà ìsinsìnyí, ẹ ti rọ̀ jù. Nígbà tiwa, bí tíṣà bá kàn wúkọ́ lásán, jìnnìjìnnì á bò wá. Ìdí nìyẹn tá a fi mọ̀wé." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Díẹ̀ ló kù kí èmi náà pàtẹ́wọ́, nítorí bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn.

Àwọn tí bàbá yẹn kò kà mọ́ ọn ni àwọn tí wọ́n jọ jókòó, àmọ́ tí wọ́n gba ojú fèrèsé bọ́ sóko, tí wọn kò padà mọ́. Pàṣán kan náà ló bà wọ́n. Àwọn tó là á já nìkan ló kù tó ń ròyìn.

Kí ọmọ tó lè ṣe ìṣirò, ó ní láti di nǹkan bíi mélòó kan mú lọ́kàn pa pọ̀: ìbéèrè, ọ̀nà tí tíṣà fi kọ́ ọ, nọ́ńbà tó ń kó lọ. Àyè yẹn kò fẹ̀, kódà lọ́dọ̀ àgbàlagbà. Bí ẹ̀rù bá wọlé, òun ló máa gba àyè náà. Àyà ọmọ á máa já, ara rẹ̀ á máa tú èròjà tí wọ́n ń pè ní cortisol sínú ẹ̀jẹ̀, ohun kan ṣoṣo lojú rẹ̀ á sì máa wá: níbo ni pàṣán wà? Ẹ̀rù dára tí èèyàn bá pàdé ejò lóko iṣu. Kò wúlò fún ìṣirò.

Ó tún ń tan tíṣà jẹ. Ẹ bi irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ pé ṣé ó yé wọn, wọ́n á jọ lọgun pé, "Ó yé wa, sà!" Ọjọ́ WAEC ni àṣírí á tú.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ọ̀kan nínú ọmọ méje tó wà láàárín ọdún 10 sí 19 ló ní ìṣòro ìlera ọpọlọ. Nínú kíláàsì ọmọ 42, mẹ́fà nìyẹn. Púpọ̀ nínú wọn kì í pariwo, àwa a sì máa yìn wọ́n pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Ó yà mí lẹ́nu pé àwa tá a kì í kọjá lára àgbà láì kí i pé "Okun o", ìkíni ilẹ̀ wa, la máa ń wọ kíláàsì tí a kò ní wojú ọmọ kankan.

Ẹlòmíì á ní, ṣé ká wá máa wò wọ́n níran ni? Rárá o. Ẹni tó pẹ́ dé ṣì máa gbálẹ̀, ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá ṣì máa jókòó ṣe é. Ká kọ́kọ́ bi í pé kí ló dé ni mò ń wí.

Èmi náà kò bi í nígbà kan. Ọmọbìnrin kan wà ní JSS 2 tó máa ń sùn ní píríọ́dù àkọ́kọ́. Oṣù kẹta ni, ìgbà kajú. Mo ti nà án lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ kẹta, mi ò tíì sọ̀rọ̀ tó ti na ọwọ́ sílẹ̀ dè mí. Awọ ìka rẹ̀ ti bó, ó dúdú. Mo gbé pàṣán sílẹ̀. Ó ní aago mẹ́rin ìdájí lòun àti ìyá àgbà máa ń tan tọ́ọ̀ṣì lọ ṣa kajú, kí olè má baà ṣáájú wọn, kóun tó fẹsẹ̀ rìn wá sílé ìwé.

Mo ní kó máa lọ bọ́jú kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, mo gbé àga rẹ̀ sún mọ́ fèrèsé, mo sì sún ìdánwò ránpẹ́ mi sẹ́yìn àkókò ìsinmi. Kò torí ìyẹn di ẹni àkọ́kọ́ ní kíláàsì o. Ṣùgbọ́n ní bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mo ń kọ nǹkan sára bọ́ọ̀dù, mo yíjú padà, ọwọ́ dúdú yẹn ti wà lókè.

"Sà, kò yé mi."