Bí Ilé Ìtọ́jú Eyín Ṣe Ń Di Ti Ará Ìlú ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í yọjú sí dókítà eyín àfi tí ìrora bá ti gba oorun lójú wọn. Kí wọ́n tó dé ibẹ̀, wọ́n á ti fi omi iyọ̀ yọ́ ẹnu, wọ́n á ti ki aáṣáà bọ inú ihò eyín, ẹlòmíràn á ti da omi bátìrì sí i, èyí tó ń bó èrìgì. Ẹ̀rù owó ló ń dá wọn dúró, àti ẹ̀rù abẹ́rẹ́, àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń gbọ́ láti kékeré pé ẹni tó bá yọ eyín òkè, ojú rẹ̀ á fọ́. Ilé ìtọ́jú tó bá fẹ́ wúlò fún ìlú, ẹ̀rù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ló gbọ́dọ̀ fi ṣe ìpìlẹ̀ ètò rẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìyá kan wọlé, ó ti fi ìborùn di ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú. Ẹni tó wà nídìí tábìlì á dìde, á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, màmá," á fún wọn níjòókòó kó tó béèrè orúkọ. Níwájú dókítà, ìbéèrè ló ń ṣáájú irinṣẹ́: "Ṣé omi tútù ló ń ta á ni, mà, àbí ó máa ń dédé dùn yín lóru?" Ìdáhùn yìí ló ń tọ́ dókítà sọ́nà. Bó bá jẹ́ omi tútù nìkan, tí kì í sì í pẹ́ lọ, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣì lè dí ihò náà. Bó bá ń dédé dùn lóru, àfàìmọ̀ ni ìbàjẹ́ náà kò ti wọ àárín eyín níbi tí iṣan wà. Ó kù kí wọ́n fọ gbòǹgbò rẹ̀ mọ́ tàbí kí wọ́n yọ ọ́. Wọ́n á béèrè nípa ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti oògùn tí wọ́n ń lò, títí kan àgbo. Tí wọ́n bá fi ohùn ẹ̀gàn béèrè àgbo, màmá ò ní sọ.

Ọ̀rọ̀ ojú fífọ́ náà kì í ṣe ohun ẹ̀rín. Àlàyé ló yẹ kí dókítà ṣe, pé iṣan tí eyín fi ń mọ ìrora yàtọ̀ sí èyí tí ojú fi ń ríran, kó wá gbé dígí fún wọn kí wọ́n fojú ara wọn rí ibi tó ti jẹrà.

Owó ló kàn, ó sì gbọ́dọ̀ di mímọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Yíyọ ni owó rẹ̀ sábà máa ń kéré jù, òun ni aláìlówó máa ń sáré mú, bẹ́ẹ̀ eyín àgbà tó bá ti lọ, òmíràn ò ní hù. Ìdí nìyí tí sísan díẹ̀díẹ̀ fi ṣe pàtàkì. Òǹtajà tó ń dá àjọ mọ ìgbà tí yóò kó o. Wọ́n lè dí ihò náà fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n wá parí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó bá kó àjọ rẹ̀.

Irinṣẹ́ tó ti kan ẹ̀jẹ̀ lè kó àrùn mẹ́dọ̀wú ranni. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á dì í sínú àpò, wọ́n á wá kó o sínú ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi pa kòkòrò ní ìwọ̀n 121 Celsius fún ìṣẹ́jú 15, tàbí 134 fún ìṣẹ́jú 3. Tí iná bá lọ láàárín, wọ́n gbọ́dọ̀ tún un bẹ̀rẹ̀, torí náà owó epo jẹnẹrétọ̀ wà lára owó ìtọ́jú. Ìṣojú aláìsàn ló yẹ kí wọ́n ti ya àpò náà. Lórí àga, àdéhùn kan wà: tó bá dùn, kí wọ́n na ọwọ́ sókè, dókítà á dúró. Ó gbọ́dọ̀ dúró lóòótọ́.

Iṣẹ́ púpọ̀ ṣì wà níta, ní àdúgbò bíi Táákì àti Sábó, nílé ẹ̀kọ́. Òǹtajà tó ń mu mínírà kan díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ ń ba eyín jẹ́ ju ẹni tó mu ún tán lẹ́ẹ̀kan lọ, torí gbogbo ìgbà tí ṣúgà bá kan ẹnu ni àwọn kòkòrò ibẹ̀ ń sọ ọ́ di omi kíkan tó ń jẹ eyín, ó sì lè tó ìdajì wákàtí kí ẹnu tó bọ̀ sípò. Kò sí ìdí láti bá ẹni tó ń lo pákò wí. Kí wọ́n fi ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride, èròjà tó ń dáàbò bo eyín, kún un ni, kí wọ́n sì kọ́ bí wọ́n ṣe lè dé ẹ̀yìn eyín. Àwọn òbí ní tiwọn kò mọ̀ pé tí ọmọ bá tó bí ọdún mẹ́fà, eyín ńlá kan ń hù lẹ́yìn gbogbo eyín ọmọdé, láìjẹ́ pé eyín kankan ká kó tó dé. Wọ́n á rò pé èyí náà máa ká, wọ́n á jẹ́ kó jẹrà, bẹ́ẹ̀ eyín àgbà ni.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn, tí àtigbé itọ́ mì di ìṣòro, lè dí ọ̀nà èémí. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n á kọ ìwé, wọ́n á sì gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì Bowen tàbí ti yunifásítì LAUTECH. Ẹni tí wọ́n yọ eyín fún, wọ́n á pè é lọ́jọ́ kejì, wọ́n á tún pè é lọ́jọ́ kẹrin, torí láàárín àkókò yẹn ni ẹ̀jẹ̀ dídì tó bo ihò náà lè ṣí kúrò, tí ìrora á sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ló rí, kó máa bọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, láìsan owó àyẹ̀wò míì.