Bí sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ṣe ń pinnu kọ́ọ̀sì tí ọmọ lè rí wọ̀ ní yunifásítì

Ọ̀pọ̀ òbí gbà pé ọjọ́ tí èsì JAMB bá jáde ni àwọn máa mọ̀ bóyá ọmọ àwọn yóò ka Ìmọ̀ Ìṣègùn tàbí Ìmọ̀ Òfin. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ láti SS1, nígbà tí ilé-ìwé bá ní kí ọmọ mú ẹ̀ka kan: sáyẹ́ǹsì, àátì tàbí kọ̀máásì. Ọmọ tí kò bá ṣe Físíìsì àti Kẹ́mísìrì ní ilé-ìwé girama, níbo ni yóò ti rí kirẹ́dítì wọn nínú WAEC tàbí NECO? Láìsí kirẹ́dítì yẹn, kò sí Ìṣègùn, kò sí Fámásì, kò sí ẹnjiníà, ì báà gba 350 nínú JAMB.

A1 títí dé C6 ni wọ́n ń kà sí kirẹ́dítì. D7 àti E8 kì í ṣe fẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n wọn kò wúlò níbí. Kirẹ́dítì márùn-ún tó bá kọ́ọ̀sì náà mu ni yunifásítì ń béèrè, ìjókòó ìdánwò kò sì gbọdọ̀ ju méjì lọ. Fún Ìṣègùn, àwọn yunifásítì kan kò gba ìjókòó méjì rárá. Ó yẹ kí òbí ti wádìí èyí kí ọmọ tó gba fọ́ọ̀mù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọ̀wé ti ń ṣìnà ni sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tí wọ́n fi ń ṣe UTME, ìyẹn ìdánwò JAMB gan-an. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ dandan fún gbogbo ènìyàn; kọ́ọ̀sì tí ọmọ ń lé ló máa sọ mẹ́ta yòókù. Ìṣègùn, Fámásì àti Nọ́ọ̀sì ń fẹ́ Bàólójì, Kẹ́mísìrì àti Físíìsì. Ẹnjiníà ń fẹ́ Ìṣirò, Físíìsì àti Kẹ́mísìrì. Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kò lè ṣe kó má fẹ́ Ìṣirò àti Físíìsì. Fún Òfin, sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́ta láti ẹ̀ka àátì tàbí ìmọ̀ àwùjọ ni, ọ̀pọ̀ yunifásítì sì fẹ́ kí Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà nínú wọn. Ìmọ̀ Ètò Ọrọ̀-Ajé máa ń ya àwọn ọmọ àátì lẹ́nu, nítorí ó ń béèrè Ìṣirò tí púpọ̀ nínú wọn ti sá fún tipẹ́tipẹ́.

Tí a bá fi ti Ìṣègùn wé ti ẹnjiníà, sọ́bújẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló yàtọ̀: Bàólójì jáde, Ìṣirò wọlé. Ìyàtọ̀ kékeré yìí ló ń há ọmọ mọ́ bí èsì bá ti jáde. JAMB máa ń gbà kí ènìyàn pààrọ̀ kọ́ọ̀sì tàbí yunifásítì, ṣùgbọ́n sọ́bújẹ́ẹ̀tì tó ti ṣe ìdánwò rẹ̀ kò ṣeé pààrọ̀ mọ́. Ọmọ tó ṣe Bàólójì, Kẹ́mísìrì àti Físíìsì, tí máàkì rẹ̀ kò tó ti Ìṣègùn, ṣì lè yà sí Biochemistry, Microbiology, Anatomy tàbí Physiology. Kò lè yà sí ẹnjiníà, kódà kó ní A1 nínú Ìṣirò ní WAEC. Nítorí náà, kọ́ọ̀sì kejì tí ọmọ lè gbà tọkàntọkàn ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ jíròrò nílé, kí wọ́n tó fọwọ́ sí mẹ́rin náà. Gbogbo ohun tí kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ń béèrè ní yunifásítì kọ̀ọ̀kan wà lórí ìkànnì JAMB tí wọ́n ń pè ní IBASS. Ibẹ̀ ló yẹ kí ènìyàn wò, kì í ṣe ẹnu ẹni tó ṣe ìdánwò lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn.

Ìdánwò náà fúnra rẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Orí kọ̀ǹpútà ni, ìbéèrè 180 láàárín wákàtí méjì: 60 fún Gẹ̀ẹ́sì, 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn yòókù. Ìyẹn jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 40 fún ìbéèrè kan. Sọ́bújẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan gba 100, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 400.

Lẹ́yìn èyí ni ìṣirò tí ọ̀pọ̀ kì í kà sí tó bẹ́ẹ̀. Láti 2005 ni àwọn yunifásítì ti ń ṣe àyẹ̀wò tiwọn, post-UTME, wọ́n á sì pa á pọ̀ mọ́ máàkì JAMB. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, ọ̀nà tí a mọ̀ wọ́n mọ́ ni kí wọ́n fi 8 pín máàkì JAMB, kí wọ́n fi 2 pín ti post-UTME, kí wọ́n wá ro wọ́n pọ̀. Ká ní ọmọ kan gba 290 nínú JAMB, ó gba 62 ní post-UTME: 36.25 àti 31, àpapọ̀ 67.25. Ẹnìkejì gba 260, ṣùgbọ́n ó gba 74 ní post-UTME: 32.5 àti 37, àpapọ̀ 69.5. Ẹni tí JAMB rẹ̀ fi 30 dín ló lékè. Máàkì kan ní post-UTME tó mẹ́rin nínú JAMB níbẹ̀, nítorí náà ọmọ tó bá pa ìwé tì nítorí pé JAMB rẹ̀ ga ń fi ààyè rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Àwọn yunifásítì mìíràn máa ń ka èsì WAEC mọ́ ọn. Ìbàdàn tún ní òfin kan: ẹni tí kò bá fi í ṣe àyò àkọ́kọ́ kò ní bá wọn jókòó sí àyẹ̀wò yẹn.

Máàkì nìkan kọ́ ló sì ń mú ọmọ wọlé. Ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀, 45 nínú ọgọ́rùn-ún ààyè wà fún àwọn tó mókè jù láìka ìpínlẹ̀ sí, 35 wà fún àwọn ìpínlẹ̀ tó yí yunifásítì náà ká, 20 sì wà fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀ tó. Ìdí nìyí tí ọmọ méjì tí máàkì wọn dọ́gba fi lè gba èsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Yunifásítì yóò fi orúkọ tó bá yàn ránṣẹ́ sí JAMB lórí CAPS, ìyẹn ètò orí ìkànnì tí JAMB fi ń bójú tó ìgbàwọlé, JAMB yóò fọwọ́ sí i, ọmọ yóò sì tẹ̀ ẹ́ pé òun gbà tàbí òun kọ̀. Ṣùgbọ́n bí èsì WAEC tàbí NECO rẹ̀ kò bá tíì sí lórí ìkànnì JAMB, CAPS kò ní lè gbé orúkọ rẹ̀ yẹ̀ wò. Ilé-iṣẹ́ CBT (ibùdó ìdánwò orí kọ̀ǹpútà) tí JAMB fọwọ́ sí ni wọ́n ti ń gbé èsì náà sókè, kí ọmọ má sì kúrò níbẹ̀ títí yóò fi fojú ara rẹ̀ rí gbogbo sọ́bújẹ́ẹ̀tì àti gírédì rẹ̀ lórí ìkànnì náà.