Ostara: àjọ̀dún ọjọ́ tí ọ̀sán àti òru dọ́gba láàárín àwọn Págánì òde òní

Ostara ni orúkọ tí ọ̀pọ̀ àwọn Págánì òde òní ń pe àjọ̀dún tí wọ́n ń ṣe ní nǹkan bí ọjọ́ 20 oṣù kẹta ọdọọdún, nígbà tí gígùn ọ̀sán àti ti òru fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tí òtútù ilẹ̀ Yúróòpù ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí igi tó ti wọ́wé sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í rúwé. Ẹni tó bá gbọ́ bí àwọn kan ṣe ń ròyìn rẹ̀ lè rò pé àjọ̀dún àtayébáyé ni, tí bàbá fi lé ọmọ lọ́wọ́ láìdáwọ́ dúró láti ẹgbẹ̀rún ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ náà ti wà láti ìgbà tí ayé ti ń yí oòrùn ká, ṣùgbọ́n àjọ̀dún tí à ń wí yìí, bí wọ́n ṣe ń ṣe é lónìí àti orúkọ tó ń jẹ́, kò tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ọ̀rọ̀ náà, Págánì, gan-an ń fẹ́ àlàyé. Nínú èdè Látìn, paganus ni ará oko. Nígbà tí ẹ̀sìn Kristi gbilẹ̀ ní ilẹ̀ ọba Róòmù ni àwọn onígbàgbọ́ sọ ọ́ di orúkọ ẹni tí kò tíì gba ẹ̀sìn tuntun, ó sì di èébú, gẹ́gẹ́ bí “kèfèrí” ṣe di èébú lẹ́nu àwa náà. Àwọn tí à ń sọ̀rọ̀ wọn mọ ìtàn èébú yìí dáadáa, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì mú orúkọ náà jẹ́. Nítorí náà ni n kò ṣe túmọ̀ rẹ̀ sí kèfèrí. N kò sì túmọ̀ rẹ̀ sí abọ̀rìṣà tàbí oníṣẹ̀ṣe, nítorí pé ohun tí àwọn oníṣẹ̀ṣe ní ni wọ́n bá lọ́wọ́ àwọn baba wọn, láti ẹnu babaláwo kan sí etí ọmọ awo tó ń kọ́ Ifá lọ́dọ̀ rẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé okùn ẹ̀sìn àtijọ́ ti já pátápátá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí sì ń ti inú ìwé, òkúta àti ìtàn àròsọ ṣa èyí tó ṣẹ́ kù jọ, tí wọ́n sì ń fi ọgbọ́n tiwọn dí ojú ihò. Ìṣọ́ra kan náà ni ó yẹ kí a ní pẹ̀lú “witch”, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ìwé atúmọ̀ èdè wa ń tú sí “àjẹ́”: ọ̀pọ̀ ọmọ ẹ̀yìn Wicca, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀sìn Págánì òde òní, ló ń fi ọ̀rọ̀ náà pe ara wọn, ṣùgbọ́n ohun tí Yorùbá mọ̀ sí àjẹ́ kọ́ ni wọ́n ní lọ́kàn.

Ẹ̀sìn kan ṣoṣo kọ́ ni ti Págánì. Kò ní póòpù, kò ní ìwé mímọ́ tí gbogbo wọn gbà. Wicca wà nínú rẹ̀, èyí tí Gerald Gardner, òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè tó ti fẹ̀yìn tì láti ilẹ̀ Malaya, fi han gbogbo ayé nínú ìwé kan ní 1954, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fagi lé òfin 1735 tó de irú ìṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn Druid òde òní, tí wọ́n mú orúkọ àwọn àlùfáà àtijọ́ ilẹ̀ Britain jẹ́, náà wà níbẹ̀, àti àwọn tó ń bọ àwọn òrìṣà àríwá Yúróòpù bíi Odin àti Thor. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2021 ní England àti Wales, nǹkan bí 74,000 ènìyàn ló kọ Págánì sí ibi tí wọ́n ti béèrè ẹ̀sìn wọn, nǹkan bí 13,000 sì kọ Wicca.

Ó ku ọjọ́ náà fúnra rẹ̀. Ayé ń yí bí òkòtó tí ọmọdé ta, ṣùgbọ́n kò nàró ṣánṣán. Ó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan ní ìwọ̀n nǹkan bí dígírì 23.4, bí ó sì ṣe fì náà ni ó ń yí oòrùn ká. Nítorí èyí, apá àríwá ayé a kọjú sí oòrùn fún ìlàjì ọdún, ọ̀sán ibẹ̀ a sì gùn. A tún kẹ̀yìn sí i fún ìlàjì kejì, òru a sì gùn. Ìgbà méjì péré lọ́dún, ní oṣù kẹta àti oṣù kẹsàn-án, ni apá kankan kì í kọjú sí oòrùn ju èkejì lọ, tí oòrùn sì ń kọjá gan-an lókè ìlà agbedeméjì ayé. Ti oṣù kẹta ni àwọn ará àríwá ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀sán tó gùn jù lọ nínú oṣù kẹfà ju wákàtí 16 lọ, èyí tó kúrú jù lọ nínú oṣù Kejìlá kò sì pé wákàtí 8. Ní Èkó, tó wà nítòsí ìlà agbedeméjì ayé, ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì kò tó wákàtí kan. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ni àgbẹ̀ ilẹ̀ wa fi ń ka ọdún, tí kò sì sí ẹni tó ń ṣọ́ ọjọ́ tí ọ̀sán àti òru bá dọ́gba; ó kù díẹ̀ kí wọ́n máa dọ́gba lójoojúmọ́ lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó ti jí ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ nínú oṣù Kejìlá ní Ìlú Ọba, tó bá òkùnkùn lójú fèrèsé, ni yóò mọ ìdí tí wọ́n fi ń yọ̀.

Ọ̀rọ̀ “dọ́gba” yẹn pàápàá kò pé tán. Afẹ́fẹ́ ayé máa ń tẹ ìmọ́lẹ̀, tó fi jẹ́ pé a ti ń rí oòrùn kí ó tó yọ gan-an, etí òkè oòrùn ni a sì fi ń ka yíyọ àti wíwọ̀ rẹ̀, kì í ṣe àárín rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ náà a máa fi nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lé ní wákàtí 12 ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọjọ́ tí wọ́n dọ́gba ní tòótọ́ ti kọjá ní bí ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú.

Àjọ̀dún mẹ́jọ ni ọ̀pọ̀ Págánì ń ṣe láàárín ọdún kan, wọ́n sì ń pe gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní Kẹ̀kẹ́ Ọdún. Mẹ́rin tẹ̀ lé ìrìn oòrùn: ọjọ́ méjì tí ọ̀sán àti òru dọ́gba, ọjọ́ tí ọ̀sán gùn jù lọ, àti ọjọ́ tí òru gùn jù lọ. Mẹ́rin yòókù bọ́ sí àárín wọn. Kò sí àkọsílẹ̀ kankan tó fi hàn pé àwọn ará àtijọ́ kan ṣe gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pọ̀. Ronald Hutton, onímọ̀ ìtàn ní yunifásítì Bristol, wà lára àwọn tó ṣàlàyé èyí jù lọ. Láàárín àwọn ọdún 1950 ni Gardner pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ross Nichols tó dá ẹgbẹ́ Druid kan sílẹ̀ ní 1964, to kẹ̀kẹ́ náà pọ̀. Títí di ìgbà náà, kò sí orúkọ pàtó fún ti oṣù kẹta. Ní 1974 ni Aidan Kelly, ọmọ Wicca kan ní ilẹ̀ California, ń ṣe kàlẹ́ńdà, kò sì fẹ́ kí àwọn àjọ̀dún kan ní orúkọ alárinrin kí àwọn mìíràn má ní. Òun ló fi Ostara lé èyí lórí.

Níbo ni ó ti rí orúkọ náà? Ibí ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Ní ọdún 725, mọ́ńkì kan tó ń jẹ́ Bede, tó ń gbé ní Jarrow ní àríwá England, kọ ìwé lórí bí a ṣe ń ka àkókò, pàápàá jù lọ bí a ṣe ń ṣírò ọjọ́ Àjíǹde. Nígbà tó ń to orúkọ àwọn oṣù ní èdè àwọn baba rẹ̀, ó sọ pé oṣù kan, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá oṣù kẹrin wa mu, gba orúkọ rẹ̀ lára abo òrìṣà kan tó ń jẹ́ Eostre, ẹni tí wọ́n ń ṣe àjọ̀dún fún nínú oṣù náà. Gbólóhùn kan péré nìyẹn. Kò sọ̀rọ̀ ehoro, kò sọ̀rọ̀ ẹyin, àwọn ohun méjì tí àwọn òyìnbó fi ń ṣe àmì Àjíǹde lónìí, kò sì sọ pé ọjọ́ tí ọ̀sán àti òru dọ́gba ni àjọ̀dún náà bọ́ sí. Lẹ́yìn ohun tó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ, ní 1835, Jacob Grimm ará Jámánì wò ó pé Ostern ni èdè òun ń pe Àjíǹde, ó sì dábàá pé àwọn ará Jámánì náà ti ní láti ní abo òrìṣà kan rí, ẹni tí orúkọ rẹ̀ yóò jẹ́ Ostara. Àbá onímọ̀ èdè ni. Kò sí ìwé àtijọ́ kan tí orúkọ náà ti hàn. Ní 1874, Adolf Holtzmann, onímọ̀ ará Jámánì mìíràn, tún méfò pé ó ṣeé ṣe kí ehoro jẹ́ ti òrìṣà yìí. Ibẹ̀ ni àwọn òpìtàn gbé e gbà, tó fi di ìtàn ẹyẹ kan tí Ostara sọ di ehoro, tí kò sì dẹ́kun ẹyin yíyé. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n ọmọ òní ni. Síbẹ̀, n kò ní sọ pé Bede parọ́: ní 1958, wọ́n rí ohun tó ju 150 òkúta lọ nítòsí Morken-Harff ní Jámánì, tí wọ́n fi jẹ́jẹ̀ẹ́ fún àwọn abo òrìṣà kan tí orúkọ wọn, Austriahenae, jọ ti Eostre gan-an.

Èyí ló mú kí àwọn kan máa sọ lọ́dọọdún pé àwọn Kristẹni jí Àjíǹde gbé lọ́wọ́ àwọn Págánì. Orúkọ lásán ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ti Jámánì nìkan tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èdè púpọ̀ ní Yúróòpù ń lo ọ̀rọ̀ tó ti inú Pascha wá, èyí tí í ṣe Ìrékọjá àwọn Júù. Àwa sì ń pè é ní Àjíǹde, níbi tí kò sí òrìṣà kankan. Ìjọ ti ń ṣe ọdún náà kí ẹnikẹ́ni tó wàásù ìhìnrere fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí àjọ̀dún méjèèjì jọ ní ni oòrùn: ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé òṣùpá àrànmọ́jú àkọ́kọ́ láti ọjọ́ 21 oṣù kẹta ni ìjọ ń fi ṣe Àjíǹde.

Nípa ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ náà, ọ̀pọ̀ wọn ló ń dá a ṣe nílé. Wọ́n a gbá ilé mọ́, wọ́n a to òdòdó àti ẹyin aláràbarà sórí pẹpẹ kékeré kan, wọ́n a súre fún irúgbìn kí wọ́n tó gbìn ín. Àwọn Wicca tó bá péjọ a fa agbo sílẹ̀, wọ́n a ké sí ìlà-oòrùn, gúúsù, ìwọ̀-oòrùn àti àríwá ní tẹ̀léńtẹ̀lé pẹ̀lú afẹ́fẹ́, iná, omi àti ilẹ̀, wọ́n a sì jọ pín àkàrà òyìnbó àti wáìnì níkẹyìn. Ní Tower Hill ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹgbẹ́ Druid kan ti ń péjọ tipẹ́ ní ọ̀sán gangan, nínú aṣọ funfun, lójú àwọn tó ń lọ ra oúnjẹ ọ̀sán. Ní Stonehenge, ibi tí àwọn ará àtijọ́ to òkúta ńláńlá sí ní gúúsù England, wọ́n máa ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn ènìyàn láti wo oòrùn bó ti ń yọ láàárín àwọn òkúta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ tí ọ̀sán gùn jù àti èyí tí òru gùn jù ni àwọn tó kọ́ ọ fi to òkúta náà. Àwọn kan sì wà tí wọ́n ń sọ pé ọjọ́ yìí nìkan ni ẹyin lè dá dúró lórí ìdí rẹ̀. Irọ́ funfun báláú ni. Ẹni tó bá ní sùúrù lè gbé ẹyin dúró lọ́jọ́ yòówù.

Gbogbo wọn kọ́ ló ń ṣe é. Ní Iceland, ẹgbẹ́ Ásatrú, àwọn tó ń bọ àwọn òrìṣà àríwá Yúróòpù, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1972, ń ṣe tiwọn nínú oṣù kẹrin, ní ọjọ́ tí kàlẹ́ńdà ilẹ̀ wọn kà sí ọjọ́ kìíní ìgbà ooru. Àwọn Págánì Australia ní ìṣòro mìíràn: oṣù kẹta ni ewé ń wọ́ lọ́dọ̀ wọn, nítorí náà ọ̀pọ̀ wọn ti yí kẹ̀kẹ́ náà sódì, wọ́n sì ń ṣe Ostara ní nǹkan bí ọjọ́ 22 tàbí 23 oṣù kẹsàn-án, lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí ẹyin ṣokoléètì Àjíǹde ti tán nínú gbogbo ṣọ́ọ̀bù.