Oorun Ni Kẹ́ Ẹ Kọ́kọ́ Tún Ṣe

Ohun táwọn èèyàn kọ́kọ́ máa ń bi mí tí wọ́n bá wá yẹ BP, ìyẹn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, wò ni pé, "Nọ́ọ̀sì, kí ni kí n máa jẹ?" Wọ́n á ti gbọ́ lórí WhatsApp pé kí wọ́n máa mu omi ewúro, ẹlòmíì á ní aáyù lòun ń jẹ láràárọ̀, ẹlòmíì á ní òun ti jáwọ́ nínú ẹ̀bà pátápátá, ó sì dáa kéèyàn máa ronú nípa ohun tó ń wọ ẹnu ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi kì í bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Mo máa ń bi wọ́n pé aago mélòó lẹ sùn lánàá, aago mélòó lẹ jí, ta lẹ sì máa ń sọ fún tí nǹkan bá wúwo lọ́kàn yín? Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn, ọ̀pọ̀ ló máa ń dákẹ́ tí mo bá bi wọ́n.

Látọdún 1948 ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti ní in nínú òfin wọn pé ìlera kì í ṣe kí àìsàn má sí lára nìkan, pé ó kan ara, ó kan ọkàn, ó tún kan bí èèyàn ṣe ń bá àwọn ẹlòmíì gbé. Òótọ́ ni. Àmọ́ ìgbà táwọn èèyàn bá gbọ́ báyìí, ńṣe ni wọ́n á rò pé gbogbo ẹ̀ làwọn máa kì mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, eré ìdárayá, oúnjẹ tuntun, àdúrà, ìyàwó, ọmọ, owó, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, tó bá fi máa di Tọ́sìdeè ó ti sú wọn. Ohun témi ń rí lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni pé àwọn nǹkan yẹn so mọ́ra wọn, tẹ́ ẹ bá tún èyí tó yẹ ṣe lára wọn, àwọn tó kù á rọrùn. Oorun sì ni mo máa ń ní kí èèyàn kọ́kọ́ mú.

Ẹ jẹ́ n sọ ti màmá kan tó ń ta ata àti tòmátì ní Bódìjà, n'Ìbàdàn. 140/90 la ti máa ń sọ pé BP ti ga, ti màmá yìí ò kúrò ní 160/100 pẹ̀lú gbogbo oògùn tí dókítà kọ fún un. Mo ní, "Màmá, ẹ dákun, ṣé ẹ ń lo oògùn yín lójoojúmọ́?" Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mi ò fo ọjọ́ kan rí." Mo gbà wọ́n gbọ́. La bá jókòó, a bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ wọn látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Aago mẹ́ta òru ni wọ́n ń jí torí ọkọ̀ tó ń kó ata bọ̀ láti òkè Ọya. Tí wọ́n bá fi máa bọ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ délé ilẹ̀ ti ṣú, wọ́n á dáná, aago mẹ́wàá ni wọ́n ń jẹ ẹ̀bà, lẹ́yìn náà ni fóònù máa wá bẹ̀rẹ̀, ti ẹgbẹ́ èsúsú, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ wọn tó wà l'Amẹ́ríkà náà sì rèé, ìgbà tóun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tibi iṣẹ́ dé ló máa ń pè, aago mọ́kànlá alẹ́ ti lù níbí nígbà yẹn. Ìsọ́ òru ní Fúráìdeè. Òde ní Sátidé.

Mo wá bi wọ́n pé orúnkún ńkọ́, torí mo rí bí wọ́n ṣe jókòó. "Háà, ìyẹn ni mo ṣe máa ń ra oògùn ara ríro lọ́wọ́ kẹ́místì, àràárọ̀ ni mò ń lò ó." Wọ́n tú etí ìró wọn, wọ́n mú káàdì oògùn kan jáde, diclofenac ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní BP, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí èyí dáadáa: diclofenac àti ibuprofen máa ń mú kí BP lọ sókè, wọ́n sì máa ń dí ọ̀pọ̀ oògùn BP lọ́wọ́. Ẹ má fojú kékeré wo oògùn kankan tẹ́ ẹ rà fúnra yín, ẹ dárúkọ ẹ̀ fún nọ́ọ̀sì, àgbo náà ńkọ́, ẹ dárúkọ òun náà, a ò ní bá yín jà. Dókítà bá màmá pààrọ̀ oògùn orúnkún yẹn, a wá kọjú sí oorun.

Tẹ́ ẹ bá sùn dáadáa, BP máa ń wálẹ̀ lóru, ọkàn àti àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ á ráyè sinmi. Ẹni tí ò sùn tó, tiẹ̀ ò ní wálẹ̀ bó ṣe yẹ, tọ́sàn-án tòru ni ara ẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́. Ibẹ̀ kọ́ ló sì ń parí sí o. Ebi tó máa ń pa ẹni tí ò sùn máa ń ju bó ṣe yẹ lọ, nǹkan dídùn àti nǹkan tí wọ́n dín lọ́kàn ẹ̀ á sì máa fà sí, kò ní lágbára láti rìn, ọmọ béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹ̀ ó ti pariwo mọ́ ọn, ẹni bá a ṣòwò sọ̀rọ̀ kékeré ó ti dìjà. Ẹ ò rí i pé ìjà inú ilé àti ẹ̀bà àjẹjù yẹn, ibì kan náà ni wọ́n ti wá. Ó kéré tán, wákàtí méje ni àgbàlagbà nílò lóru.

Àwọn nǹkan tí màmá yìí ṣe ò le. Wọ́n ń jẹun alẹ́ ní ìsọ̀ kí wọ́n tó wọkọ̀, aago méje. Ọmọ Amẹ́ríkà ń pè lọ́sàn-án Sọ́ńdè báyìí, àárọ̀ ni lọ́dọ̀ tiẹ̀. Fóònù ń sùn ní pálọ̀. Ìsọ́ òru, mi ò ní kí wọ́n má lọ, ìgbàgbọ́ wọn ń mú ọkàn wọn dúró, mo kàn ní kí wọ́n sùn lọ́sàn-án Fúráìdeè kí wọ́n sì fi ọjà ìdájí Sátidé sílẹ̀ fún ọmọ wọn obìnrin. Obì ló wá kù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé nǹkan tó wà nínú kọfí tí kì í jẹ́ kéèyàn sùn, ó wà nínú obì náà, ó sì lè gba wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà kí ìdajì ẹ̀ tó kúrò lára, torí náà ẹni tó bá jẹ obì láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ kó má bínú sí oorun. Àwọn awakọ̀ àti ọmọ ilé ìwé tó ń mu àwọn ohun mímu alágolo tó ń lé oorun lọ, ẹ̀yin náà ni mò ń bá wí.

(Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tan jẹnẹrétọ̀ sùn nítorí ooru, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbé e sí kọ̀rídọ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, èéfín ẹ̀ ń pààyàn sójú oorun.)

Oúnjẹ àti ìrìn ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Iyọ̀ kó má ju ṣíbí kékeré kan lọ fún odidi ọjọ́, tẹ́ ẹ bá sì ti sọ mágí sọ́bẹ̀, iyọ̀ ni ìyẹn náà. Ẹ rìn kíákíá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀márùn-ún lọ́sẹ̀, ẹ lè sọ̀ kalẹ̀ ní bọ́sítọ́ọ̀pù tó ṣíwájú tiyín. Ìdúró nídìí ìsọ̀ kì í ṣe ìrìn.

Gbèsè aṣọ ẹbí wà lára ohun tí kì í jẹ́ káwọn èèyàn sùn, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìlera ni. Ẹ tètè sọ fún ẹni tó ń ṣe ìnáwó pé ẹ ò ní lè ra aṣọ, ẹ fi ìwọ̀nba owó ta á lọ́rẹ, kẹ́ ẹ wọ èyí tẹ́ ẹ ní lọ. Ẹni tó bá fẹ́ yín dénú á gbà.

Èyí tó ń dùn mí jù ni tàwọn ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀, pàápàá àwọn bàbá tó ti fẹ̀yìn tì tàbí tí ìyàwó wọn ti kú. Ní 1954, l'Aró, l'Abẹ́òkúta, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, tó jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta gan-an, bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú kan tí wọ́n ń wá wò kọ́gbọ́n láti òkè òkun. Dípò kó kó àwọn tí àìsàn ọpọlọ ń bá fínra sínú yàrá kó tìlẹ̀kùn, ó ní kí wọ́n máa gbé láwọn abúlé tó yí ọsibítù ká, kí ẹbí kan bá kálukú wọn wá, wọ́n á lọ gba ìtọ́jú, wọ́n á padà sáàárín èèyàn, wọ́n á dá sí iṣẹ́ àti ayẹyẹ abúlé. Lambo yìí padà di igbákejì ọ̀gá àgbà WHO. Ó mọ̀ pé àárín èèyàn wà lára oògùn. Bàbá tó ń jókòó nílé nìkan látàárọ̀, ẹ jẹ́ kó padà sídìí ayò, kó lọ sípàdé ẹgbẹ́, kí ọmọ má kàn máa fi owó ránṣẹ́, kó máa pè kó sì dúró gbọ́ èsì.

Tí ẹnì kan ò bá sùn, tí kò jẹun dáadáa, tí ohun tó máa ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ ò dùn mọ́ ọn mọ́, tó sì ti tó ọ̀sẹ̀ méjì, ìyẹn ti kọjá ohun tí ìsinmi nìkan lè tán. Ẹ mú un wá sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín, a máa mọ ibi tá a máa darí ẹ̀ sí, pásítọ̀ àti àlùfáà lè máa gbàdúrà lọ, àdúrà ò dí dókítà lọ́wọ́. Tó bá ń sọ pé ó sàn kóun kú, ẹ má ní ó ń ṣeré. Ẹ bi í léèrè tààrà, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ kó oògùn apakòkòrò kúrò nínú ilé, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sọ́sibítù lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má dúró dọ̀la.