Níbo ni ọ́ìlì ń gbà padà? Fún ẹni tó fẹ́ fi katakata kékeré lagi

Ní Sátidé kan nínú oṣù kọkànlá, àbúrò kan pè mí láti oko rẹ̀ ní Pennsylvania níbí. Kò tiẹ̀ kí mi tán. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, katakata mi ń ké bí ẹran tí wọ́n fẹ́ dú, ọ́ìlì sì ti bo gbogbo ilẹ̀." Mo ní kó pa ẹ́ńjìnnì, kó má fọwọ́ kan nǹkan kan, pé mo ń bọ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, ẹ̀rọ ìlagi tuntun, irú èyí tí ọ́ìlì katakata ń fún lágbára, ló wà lẹ́yìn katakata, ọ̀dà ara rẹ̀ ṣì ń dán. Kò tíì la igi mẹ́ta tí fáàfù rẹ̀, ìyẹn ibi tó ń darí ọ́ìlì, fi là ní ẹ̀gbẹ́ bí èèpo ẹ̀pà.

Igi la ní kó là, fáàfù ló là. Ohun tó là á kì í sì í ṣe igi líle. Kọ́pílà kan tí kò wọlé dáadáa ni, ìyẹn ẹnu họ́ọ̀sì tó yẹ kó dá ọ́ìlì padà sínú katakata. Ohun tó kù kó fi wọlé tán ò ju ìbú èékánná lọ.

Àwọn tó ń bi mí léèrè kí wọ́n tó ra ẹ̀rọ yìí, ọ̀rọ̀ tọ́ọ̀nù, ìyẹn bí agbára tó fi ń ti igi ṣe tó, ló máa ń wà lẹ́nu wọn. Tọ́ọ̀nù mélòó ni? Ṣé ogún ò kéré? Èmi náà á bi wọ́n padà pé: níbo ni ọ́ìlì máa gbà padà sí táńkì? Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì rò ó rí. Èmi tí mo ti ń tú haidirọ́líìkì katakata, ìyẹn ẹ̀ka tó ń fi ọ́ìlì ṣiṣẹ́, láti ọdún mélòó kan, mi ò tíì rí ẹ̀rọ tí àìtó tọ́ọ̀nù bà jẹ́. Ọ̀nà àbọ̀, ìyẹn ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà padà, ló ń bà wọ́n jẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé lè máa rẹ́rìn-ín pé kí lẹni tó wà ní Amẹ́ríkà ń fi igi ìdáná ṣe. Òtútù ni. Ilé tó wà lóko, síítóòfù onígi nínú pálọ̀ dín owó gáàsì kù púpọ̀. Igi pàápàá wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ. Kòkòrò kékeré kan tó ní àwọ̀ ewé ẹ̀fọ́, tó wá láti Éṣíà, ni wọ́n kọ́kọ́ rí ní Michigan lọ́dún 2002. Nígbà tó di 2007, ó ti dé Pennsylvania. Igi tí wọ́n ń pè ní ash ló ń pa, ó sì ti pa á lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ẹni tó bá ra éékà mẹ́wàá níbí lónìí, òkú ash ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé. Orí ire ni pé igi tó rọrùn láti là ni. Igi elm ni kí Ọlọ́run má fi yín hàn, torí iṣan inú rẹ̀ lọ́ mọ́ra bí irun dídì.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ọ́ìlì ṣe ń rìn. Nínú ọ̀pọ̀ katakata kékeré, tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, pọ́ǹpù ń gbé ọ́ìlì jáde, yálà ẹ ń lò ó tàbí ẹ ò lò ó. Ọ́ìlì náà á jáde, á gba inú fáàfù kọjá, á padà sí táńkì, á tún jáde. Nígbà tí ẹ kò bá fọwọ́ kan nǹkan kan, kò sí ìnira nínú rẹ̀, ó kàn ń ṣàn bí omi odò ni. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ti ọwọ́ ìdarí, ọ́ìlì á ya sínú sìlíńdà, á máa ti ọ̀pá irin síwájú. Tí abẹ bá kan igi, tí igi ò gbà, agbára inú ọ́ìlì á máa ga. Ẹ fi èyí sọ́kàn: pọ́ǹpù kì í dá agbára, ọ́ìlì nìkan ló ń gbé. Ohun tó bá dènà ọ́ìlì ló ń bí agbára. Ìdènà ọ̀hún lè jẹ́ kókó igi, ó sì lè jẹ́ kọ́pílà tí kò wọlé tán. Pọ́ǹpù kò mọ ìyàtọ̀.

Katakata ní fáàfù kan tí a ń pè ní rilíìfù. Tí agbára bá ga dé ibi tí wọ́n ṣètò rẹ̀ sí, bíi 2,500 psi (ìyẹn pọ́n-ùn lórí íǹṣì onígun mẹ́rin kan), á ṣílẹ̀, á tú ọ́ìlì padà sí táńkì. Igbe tí àbúrò mi gbọ́ nìyẹn. Rilíìfù ń dáàbò bo katakata, àmọ́ kó tó ṣílẹ̀, 2,500 yẹn ti wà nínú fáàfù ẹ̀rọ ìlagi. Ẹnu tí ọ́ìlì ń gbà wọ fáàfù yẹn le, ó lè gbà á. Ẹnu tó ń gbà jáde ni wọn ò ṣe fún irú agbára bẹ́ẹ̀. Ọgọ́rùn-ún psi mélòó kan ni ọ̀pọ̀ wọn lè fara dà. Ẹ̀rọ ìlagi ní rilíìfù tirẹ̀ náà o, ṣùgbọ́n ẹnu àbọ̀ yẹn kan náà ló ń tú ọ́ìlì sí. Bí ẹnu àbọ̀ bá dí, kò ríbi tú u sí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé kẹ́ ẹ fi ìka yí kọ́pílà wò, kẹ́ ẹ sì fà á sẹ́yìn dáadáa lẹ́yìn tó bá ti ro "kà". Kọ́pílà ní bọ́ọ̀lù kékeré nínú ẹnu méjèèjì. Tí wọn ò bá fara kanra dáadáa, bọ́ọ̀lù yẹn ń dí ọ̀nà pátápátá, bẹ́ẹ̀ ni lójú, ẹ á rí i bíi pé ó ti wọlé. Ẹ kọ́kọ́ fi àkísà nù ún. Yanrìn díẹ̀ ti tó láti má jẹ́ kó wọlé tán.

Tí ẹ bá ń gba ọ́ìlì láti ẹnu fáàfù ẹ̀yìn katakata, ewu kejì wà. Ọwọ́ ìdarí ibẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró sí apá kan kí ọ́ìlì lè máa ṣàn lọ sí ẹ̀rọ ìlagi láìdáwọ́ dúró. Àwọn katakata kan ní ibi tí ọwọ́ yẹn ti ń há síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn ènìyàn mìíràn ń fi rọ́bà dè é. Bí ẹ bá dè é sí apá òdì, ọ̀nà àbọ̀ lẹ ń ti ọ́ìlì gbà wọlé, ó sì di ọ̀ràn fáàfù tó là. Mo fi ọ̀dà pupa kun họ́ọ̀sì tó ń lọ, mo kun ẹnu tó yẹ kó wọ̀, mo sì kun apá tó yẹ kí ọwọ́ ìdarí wà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè so ó. Ohun tó tún dára jù ni kẹ́ ẹ fa họ́ọ̀sì àbọ̀ lọ sínú táńkì tààrà, kó má tún kọjá nínú fáàfù kankan. Họ́ọ̀sì ìdajì íǹṣì tó fún àlọ. Fún àbọ̀, ẹ fi íǹṣì kan dín ìdámẹ́rin sí i, kó lè ráyè.

Ẹni tí katakata rẹ̀ ní ẹnu tí wọ́n ń pè ní power beyond, tó ń gbé ọ́ìlì lọ sí ẹ̀rọ mìíràn kó tó lọ síbi iṣẹ́ yòókù, lè gba ibẹ̀, ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé ọ́ìlì tó bá kọjá nínú ẹ̀rọ ìlagi ṣì ń lọ ṣiṣẹ́ níwájú. Tí ẹnìkan bá gbé irin ẹ̀yìn katakata sókè nígbà náà, agbára iṣẹ́ yẹn á padà kan ẹnu àbọ̀ fáàfù ìlagi. Fáàfù tí wọ́n dìídì ṣe fún un ló yẹ ibẹ̀. Àwọn kan ń ra pọ́ǹpù tó ń wọ PTO, ìyẹn ọ̀pá tó ń yí lẹ́yìn katakata; pọ́ǹpù bẹ́ẹ̀ ní táńkì tirẹ̀. Ó gbówó lórí, ó wúwo, ó sì kó yín yọ nínú gbogbo àlàyé yìí.

Ọ̀rọ̀ tọ́ọ̀nù wá ńkọ́? Ìṣirò rẹ̀ kò le. Sìlíńdà tó fẹ̀ ní íǹṣì 4 ní ojú tó jẹ́ íǹṣì onígun mẹ́rin 12.6. Ẹ sọ ọ́ di ọ̀nà 2,500, ó lé ní pọ́n-ùn 31,000, ìyẹn tọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà 15 àti díẹ̀. Ó tó fún ọ̀pọ̀ igi oko yín. Ibi tí katakata ti ń lọ́ra ni iye ọ́ìlì tó ń gbé. Kí ọ̀pá sìlíńdà yẹn tó rin íǹṣì 24, ó gbọ́dọ̀ gba gálọ́ọ̀nù 1.3. Bí pọ́ǹpù bá ń gbé gálọ́ọ̀nù 6 ní ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú àáyá 13 ni. Àbọ̀ rẹ̀ á yá díẹ̀, torí ọ̀pá irin ti gba àyè lọ́wọ́ ọ́ìlì. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ sìlíńdà íǹṣì 5, tọ́ọ̀nù 24 ni yóò rí, ìṣẹ́jú àáyá 20 ni yóò sì fi dúró wo abẹ bó ṣe ń rákò. Íǹṣì 4 ni mo fara mọ́.

Ẹ̀rọ ìlagi tó ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ sábà máa ń ní pọ́ǹpù onípele méjì, tó ń sáré nígbà tí abẹ ò tíì kan igi, tó sì ń rọra nígbà tó bá kan kókó. Ti katakata kò ní irú ẹ̀. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń ka ìwé katakata yín, ẹ ṣọ́ra fún gálọ́ọ̀nù tó dùn ún gbọ́. Wọ́n lè ti da ti pọ́ǹpù sítíárín pọ̀ mọ́ ọn, kò sì sí bí ìyẹn ṣe máa dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ ìlagi. Tí ẹ bá sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa rọra kùn lásán, ọ́ìlì tẹ́ ẹ máa rí á dín kù púpọ̀. Àdábọwọ́ tèmi ni pé n kì í dá abẹ padà dé òpin. Igi íǹṣì 16 ni mo ń gé. Tí abẹ bá ti kọjá orí igi díẹ̀, mo ti dúró níbẹ̀. Ó ń dín ìdúró kù gan-an.

Ohun kan tún wà tó máa ń bà mí lẹ́rù. Lára ọ̀pọ̀ katakata kékeré, ọ́ìlì haidirọ́líìkì kan náà ló ń wa táyà. Ìdọ̀tí tó bá wà nínú sìlíńdà àlòkù tí ẹ rà lójú ọ̀nà, inú jíà katakata ló ń lọ. Ẹ fọ họ́ọ̀sì àti sìlíńdà kẹ́ ẹ tó so ó. Nígbà tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ so ó, sìlíńdà òfìfo á fa ju gálọ́ọ̀nù kan lọ kúrò nínú táńkì. Ẹ dá abẹ padà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ wo ọ̀pá ìwọ̀n, ẹ bù kún un.

Tí ẹ bá fura pé họ́ọ̀sì ń jò, ẹ má fọwọ́ wá a. Ẹ mú páálí, ẹ fi rọra kọjá lójú họ́ọ̀sì. Mo ti rí ibi tí ọ́ìlì ti fa ilà sára páálí bí ẹni fi bíírò kọ̀wé, láti ihò tí ojú ò lè rí. Irú ọ́ìlì bẹ́ẹ̀ lè gún awọ ènìyàn wọlé. Tó bá wọlé sí ìka, ojú rẹ̀ á kàn dà bíi pé ẹ̀fọn jẹ, kì í dun ni tó bẹ́ẹ̀ ní wákàtí àkọ́kọ́, àmọ́ inú ti ń bàjẹ́. Ìka bẹ́ẹ̀ lè di gígé. Ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ fún dókítà pé ọ́ìlì haidirọ́líìkì ló fi agbára wọlé. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi báńdéèjì dá yín padà sílé.

Ẹni tó gbé igi sórí ẹ̀rọ nìkan ni kó fọwọ́ kan ọwọ́ ìdarí. Nígbà tí ọkọ bá ń di igi mú, tí ìyàwó tàbí ọmọ ń ti ọwọ́ ìdarí, ìgbà yẹn gan-an ni ìka ń ká sáàárín. Ẹ sọ ẹ̀rọ náà kalẹ̀ kó jókòó sórí ilẹ̀, kó má rọ̀ sẹ́yìn katakata, kẹ́ ẹ sì fa bíréèkì ìdúró.

Nígbà tẹ́ ẹ bá parí, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ ti gbogbo ọwọ́ ìdarí síwá-sẹ́yìn kí agbára inú họ́ọ̀sì lè rọlẹ̀, kẹ́ ẹ tó yọ kọ́pílà. Bí ẹ bá gbàgbé, tí oòrùn sì pa họ́ọ̀sì náà lọ́jọ́ kejì, ọ́ìlì inú rẹ̀ á wú, kọ́pílà á sì kọ̀ jálẹ̀, kò ní wọlé. Ẹ má fi òòlù lù ú. Ẹ wọ́ họ́ọ̀sì sí ibòji, ẹ lọ jẹun, kẹ́ ẹ padà wá.