Kámẹ́rà tí ẹranko ń gbé kiri

Kámẹ́rà tí ẹranko ń gbé kiri ni ẹ̀rọ ayàwòrán kékeré tí àwọn onímọ̀ máa ń so mọ́ ara ẹranko ìgbẹ́, ẹyẹ tàbí ẹ̀dá inú òkun, láti fi mọ ohun tó ń ṣe níbi tí ojú ènìyàn kò dé. Ó yàtọ̀ sí kámẹ́rà tí wọ́n ń dè mọ́ igi nínú igbó. Ìyẹn ń lúgọ bí ọdẹ. Èyí ń bá ẹran náà rìn.

Ẹyẹlé wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1907, Julius Neubronner, apòògùn kan ní Jámánì, so kámẹ́rà mọ́ àyà ẹyẹlé, ṣùgbọ́n àwòrán ilẹ̀ ló ń wá, kì í ṣe ìṣe ẹyẹ. Ní 1986, Greg Marshall ará Amẹ́ríkà wà lábẹ́ omi ní etíkun Belize nígbà tó rí àkùrákùdà tí ẹja kékeré kan lẹ̀ mọ́ lára. Níbẹ̀ ló ti ronú kan kámẹ́rà tó lè lẹ̀ mọ́ ara ẹranko bẹ́ẹ̀, tí a ń pè ní Crittercam, tí ó wá dé ara àbùùbùtán, ìjàpá òkun àti kìnnìún. Lára péńgúìnì ńlá ti Antarctica, ẹ̀rọ náà fi hàn pé ẹyẹ náà máa ń gbójú sókè láti inú omi, a sì já ẹja tó sá pamọ́ sábẹ́ yìnyín.

Ìwọ̀n ẹ̀rọ ló le jù. Ọ̀pọ̀ olùwádìí kì í jẹ́ kí ẹrù ẹ̀dá tó ń fò kọjá ìdá 3 sí 5 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀. Ní 2007, kámẹ́rà nǹkan bíi gíráàmù 14 ni wọ́n so mọ́ ìyẹ́ ìrù kannakánná ní New Caledonia, erékùṣù kan nínú òkun Pàsífíìkì. Láàárín ẹsẹ̀ ẹyẹ náà ni kámẹ́rà ti ń wo iwájú, ó sì ká a mọ́ ibi tó ti ń fi pòpó koríko gbígbẹ wá oúnjẹ nílẹ̀. Bí ìyẹ́ bá wọ́, kámẹ́rà bá a bọ́.

Ní Ilé-Ifẹ̀, àdán tó kún orí igi nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni a lè fi yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Eidolon helvum ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Lọ́sàn-án, igi á máa han gooro. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọn a já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ní wìtìwìtì, títí ojú ọ̀run yóò fi dúdú. Àwọn àgbà ní àdán dorí kodò, ó ń wòṣe ẹyẹ. Láti wo ìṣe àdán fúnra rẹ̀ ló wá nira. Èyí tó bá wọn gíráàmù 300 kò gbọ́dọ̀ gbé ju 15 lọ, òru ló sì ń jẹun: kámẹ́rà tó ń ríran lókùnkùn ń fẹ́ bátìrì, bátìrì sì lẹ́rù.

Nítorí náà, ẹ̀rọ atọ́ka-ibi tó fúyẹ́ ni wọ́n sábà máa ń so mọ́ ọn. Ní Ghana, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ran àwọn olùwádìí lọ́wọ́ láti ṣírò pé àdán lè gbé kóró èso kéékèèké nínú ikùn dé kìlómítà 75. Láti Ifẹ̀ sí Iléṣà kò ju nǹkan bí 30 lọ. Kóró ìrókò wà lára ohun tí àdán ń gbé, èyí sì tó kí ènìyàn dá a sí.

Ẹ̀rọ náà ń sọ ibi tí àdán lọ, kò sọ ohun tó jẹ níbẹ̀. Láti mọ ìyẹn, abẹ́ igi ni olùwádìí ń lọ láàárọ̀, tí á máa ṣa kóró láàárín ìgbẹ́ àti ìfọ́ èso tí àdán tu dànù.